Ìbò Tí A Rí, Ìbò Tí A Kò Rí: Àgbéyẹ̀wò Àwọn Aṣòfin Àgbádárìgì

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ bí ìdìbò aṣojú-ṣòfin ti ọjọ́ 25, oṣù Kejì, ọdún 2023 ṣe lọ ní ibùdó ìdìbò kan ní Ajara tàbí ní Topo, kò nílò kó wọ ọkọ̀. Yóò ṣí ojú òpó IReV ti àjọ INEC lórí fóònù rẹ̀, yóò mú ìpínlẹ̀ Èkó, yóò mú ìjọba ìbílẹ̀, yóò mú wọ́ọ̀dù, títí yóò fi kan ibùdó tó ń wá. Àwòrán fọ́ọ̀mù EC8A ni yóò yọ síta: iye ìbò ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fọwọ́ kọ, iye tó bàjẹ́, orúkọ òṣìṣẹ́ elétò ìdìbò, ìbuwọ́lù àwọn aṣojú ẹgbẹ́. Nígbà mìíràn àwòrán náà á ṣú, tàbí kí igun ìwé náà ká, ṣùgbọ́n nǹkan wà níbẹ̀ tí ojú lè rí, tí èèyàn sì lè bá ẹlòmíràn jiyàn lé lórí.

Kí ẹni náà wá béèrè ìbéèrè kejì. Ọkùnrin tí àwọn ìbò wọ̀nyí gbé lọ sí Àbújá, apá wo ló wà nígbà tí wọ́n pààrọ̀ orin orílẹ̀-èdè wa? Ilé Aṣojú-ṣòfin ka àbádòfin orin náà lẹ́ẹ̀kíní, lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ọjọ́ 23, oṣù Karùn-ún, ọdún 2024. Ilé Aṣòfin Àgbà parí tiwọn ní ọjọ́ 28. Nígbà tó di ọjọ́ 29, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti buwọ́ lù ú, ó ti di òfin. Gbogbo ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà láti Àgbádárìgì dé Sẹ̀mẹ̀ ló ń kọ orin yẹn láràárọ̀ báyìí, ṣùgbọ́n kò sí òbí kan lára òbí wọn tó lè fi ìwé hàn pé aṣojú wa gbà, tàbí pé ó kọ̀, tàbí pé kò tilẹ̀ sí nínú ilé lọ́jọ́ náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ aṣòfin wa ti rí wọ́gọwọ̀gọ nìyí. A mọ bí olóṣèlú ṣe wọlé dé ìdí: ọdún tó díje, ẹgbẹ́ tó lò, ẹni tó fìdí rẹmi níwájú rẹ̀, ẹni tó gbà á lọ́mọ. Ohun tó fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe nígbà tí Abẹnugan ní kí ilé sọ èrò wọn, òkùnkùn ni. Etíkun Àgbádárìgì ni mo fẹ́ fi yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, nítorí pé ó ti pẹ́ tí ìlú náà ti ń rán èèyàn lọ sílé aṣòfin, àti pé ìjókòó tó ní kò pọ̀ débi tí a kò fi ní lè kà á.

Ìjókòó kan ni Àgbádárìgì ní nínú 24 tí ìpínlẹ̀ Èkó ní ní Ilé Aṣojú-ṣòfin. Ó ní méjì nínú 40 ti ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ní Aláùsá. Ní ti sẹ́nétọ̀, òun àti ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́sàn-án mìíràn ló jọ ń pín ẹnìkan ṣoṣo ní ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Èkó, Alímọ̀ṣọ́ sì wà nínú wọn, Múṣin wà níbẹ̀, Òṣòdì-Ìsọlọ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ti kó Alímọ̀ṣọ́ àti Múṣin lè má sùn ní Àgbádárìgì rárá kó tó wọlé.

Ìjókòó Àbújá tó jẹ́ ti ìlú náà gan-an ti rí ẹni mẹ́ta nínú ìdìbò mẹ́ta. Ní 2015, nígbà tí ìgbálẹ̀ APC ń gbá kiri, PDP ló gbé Joseph Bamgbose wọlé níbẹ̀. Ní 2019, Babatunde Hunpe gbà á padà fún APC. Kì í ṣe àjèjì nílé ìjọba, torí ó ti jẹ́ olùdámọ̀ràn pàtàkì fún Gómìnà Akínwùmí Àḿbọ̀dé lórí ọ̀rọ̀ àyíká. Ní 2023, APC kan náà ló wọlé, ṣùgbọ́n Sesi Whingan ni wọ́n fà kalẹ̀. Ẹ kíyè sí i: lẹ́yìn ti 2015, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ìdìbò gbogbogbòò gbé ìjókòó náà láti ẹgbẹ́ kan lọ sí òmíràn títí di 2023. Àyípadà ti 2023, inú ìdìbò abẹ́lé ló ti wáyé, níbi tí àwọn aṣojú ẹgbẹ́ díẹ̀ ti ń dìbò dípò gbogbo ìlú. Bóyá wọ́n wo àbádòfin tí ọkùnrin náà gbè lẹ́yìn kí wọ́n tó gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹni tó bá mọ òṣèlú Èkó dáhùn fúnra rẹ̀.

Ọ̀nà sẹ́nétọ̀ gùn ju ìyẹn lọ. Ní 1992, nígbà tí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ṣin SDP àti NRC nìkan ló wà, Bọ́lá Tinúbú ló wọlé fún Ìwọ̀-Oòrùn Èkó, tí Àgbádárìgì sì di ara agbègbè rẹ̀. Ilé náà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejìlá 1992. Abacha tú u ká ní oṣù Kọkànlá, ọdún 1993. Kò pé ọdún kan, kí ni èèyàn fẹ́ kà níbẹ̀? Ní 1999, Wahab Dosunmu gba ìjókòó náà lábẹ́ AD oníràwọ̀. Tókunbọ̀ Afikuyomi tó ń ṣojú Àárín Gbùngbùn Èkó tẹ́lẹ̀ ló ṣí wá síbẹ̀ ní 2003. Gàníyù Sólómọ́ọ̀nù láti Múṣin ṣe é láti 2007 dé 2015. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Solomon Olamilekan Adeola, tí gbogbo ayé ń pè ní Yayi, dé.

Ti Yayi yìí yẹ kí a dúró sí díẹ̀, nítorí pé tí wọ́n bá ní ká wá ẹni tó fi iṣẹ́ aṣòfin ṣe iṣẹ́ gidi ní ìhà yìí, kò sí ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ já gaara bẹ́ẹ̀. Oníṣirò owó ni, ọmọ Pahayi ní Ìlaròó. Láti 2003 ló ti wà nílé aṣòfin láìfo sáà kan: ọdún mẹ́jọ ní Aláùsá fún Alímọ̀ṣọ́, ọdún mẹ́rin ní Ilé Aṣojú-ṣòfin fún Alímọ̀ṣọ́ kan náà, ọdún mẹ́jọ ní Sẹ́nétì fún Ìwọ̀-Oòrùn Èkó. Ní 2015, Ṣẹ́gun Adewale tí wọ́n ń pè ní Aeroland ló gbé asíá PDP kọjú sí i, kò rí i mú. Ní 2023, ó kó ẹrù rẹ̀ kọjá ààlà, ó díje ní Ìwọ̀-Oòrùn Ògùn, ó sì wọlé. Ìpókíá wà nínú agbègbè rẹ̀ tuntun, ìlú tó fara ti Àgbádárìgì tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá gun ọ̀kadà láàárín méjèèjì kò ní mọ ìgbà tó fi Èkó sílẹ̀. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ràn rẹ̀ yóò ní ó mọ ibi tí àyè wà. Ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ̀ yóò ní agbègbè kò ju àga lọ lójú rẹ̀. Èmi rò pé ọ̀rọ̀ méjèèjì lè jẹ́ òtítọ́.

Ṣùgbọ́n ìbò rẹ̀ ńkọ́? Ibi tí a ti lè rí nǹkan gidi di mú ni ìgbìmọ̀ tó darí. Láti 2019 dé 2023, òun ni alága ìgbìmọ̀ ìṣúná ní Sẹ́nétì. Ní oṣù Kọkànlá 2019, Sẹ́nétì gba àbádòfin ìṣúná tó gbé owó orí ọjà, VAT, láti ìdá 5 nínú 100 lọ sí 7.5. Ààrẹ Bùhárí buwọ́ lù ú ní oṣù Kìíní 2020, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kejì. Ìgbìmọ̀ tí Yayi ṣe alága rẹ̀ ni àbádòfin náà gbà kọjá. Nítorí náà, ìyá tó bá ra ohun tí wọ́n gbé VAT lé ní ìtòsí ọjà Agbálátà lè sọ pé owó tó lé yẹn ní ojú ẹnìkan tí òun dìbò fún lára. Kì í ṣe pé ìbò rẹ̀ wà nínú ìwé. Ìjókòó rẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ ló wà nínú ìwé. Níbi tí ìbò kò bá ti ní àkọsílẹ̀, àga tí èèyàn jókòó lé ni a ń fi tọpa rẹ̀.

Ẹni tó rọ́pò rẹ̀ ní 2023 ni Idiat Oluranti Adebule, ọmọ Òjó, tó ti ṣe akọ̀wé ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, tó sì ṣe igbákejì gómìnà láti 2015 dé 2019. Òjó àti Àgbádárìgì, abẹ́ ẹ̀ka Àgbádárìgì kan náà ni wọ́n wà nínú ìpín márùn-ún tí Èkó ń pè ní IBILE, nítorí náà inú àwọn ará etíkun dùn pé ilé ló dé yìí. Inú dídùn yẹn kò yí ìbéèrè wa padà.

Ó yẹ kí a padà sẹ́yìn, nítorí pé ìgbà kan wà tí ìbò ọmọ ilé kan di ẹjọ́ tó rékọjá òkun. Ní 1951, Ìwọ̀-Oòrùn ni Àgbádárìgì wà, wọn kò tíì dá ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀. Ọba C. D. Akran àti Àlúfáà G. M. Fisher ló ṣojú ìlú náà nílé ìgbìmọ̀ ní Ìbàdàn, lábẹ́ Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ. Ọba tó tún jẹ́ olóṣèlú ni Akran, wọ́n sì di mínísítà. Ní ìgbà yẹn, ẹni tó bá kúrò lápá kan ilé tó lọ jókòó lápá kejì, gbogbo ayé ló ń rí i. Títí di òní ni àwọn arúgbó ń jiyàn lórí ẹni tó ré kọjá ní oṣù Kìíní 1952 àti ẹni tí kò ré kọjá.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni ìjà Awólọ́wọ̀ àti Akíntọ́lá bẹ́. Nínú ọmọ ilé 124, 66 buwọ́ lu ìwé kan pé àwọn kò fẹ́ Akíntọ́lá nípò olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn mọ́. Gómìnà, Ọba Adésọjí Adérẹ̀mí, gba ìwé náà, wọ́n yọ Akíntọ́lá, wọ́n fi Adégbẹ́nró sípò. Ní ọjọ́ 25, oṣù Karùn-ún, ọdún 1962, ilé péjọ kí wọ́n fi ìbò sọ ọ́ dòótọ́. Ọ̀kan nínú wọn fò sórí tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ ariwo, àga bẹ̀rẹ̀ sí í fò, ọlọ́pàá ju tajútajú. Wọ́n tún gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì, ibì kan náà ló yọrí sí. Wọn kò dìbò náà rí. Ìjọba àpapọ̀ gbé òfin pàjáwìrì lé Ìwọ̀-Oòrùn lórí.

Ọ̀rọ̀ wá di ti ilé ẹjọ́: ṣé ìwé tí ọmọ ilé buwọ́ lù tó ìbò, àbí ìbò gbọ́dọ̀ wáyé lórí ìjókòó ilé? Ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ní Èkó ní ìwé kò tó. Ìgbìmọ̀ Privy Council ní London, ní oṣù Karùn-ún 1963, ní ìwé tó, gómìnà kò ṣì í. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sáré tún ìwé òfin wọn ṣe kí ìdájọ́ London má bàa mú nǹkan kan ṣẹ, Akíntọ́lá sì dúró. Lẹ́yìn tí pákáǹleke náà rọlẹ̀, inú ìjọba Akíntọ́lá ni a bá Ọba Akran, gẹ́gẹ́ bíi mínísítà ètò ìṣúná. Ibi tí wọ́n wà kò pamọ́. Ohun tí mo rí nínú ìtàn yìí ni pé lọ́dún 1962, nínú gbogbo rúkèrúdò yẹn, orúkọ wà lórí ìwé. Ọ̀tá wọn lè kà á. Ọmọ ìlú wọn lè kà á. Àwọn adájọ́ tó wà lókè òkun pàápàá kà á.

Ti Orílẹ̀-èdè Olómìnira Kejì kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹgbẹ́ Ìmọ́lẹ̀, UPN, kó gbogbo ìjókòó Èkó ní 1979, ilé aṣòfin ìgbà Gómìnà Jákáńdè kò sì ní alátakò kan ṣoṣo. Níbi tí gbogbo ènìyàn bá ti ń wí ohun kan náà, kí la fẹ́ kà?

Bí wọ́n ṣe ń dìbò lónìí nìyí. Abẹnugan yóò béèrè pé kí àwọn tó fara mọ́ ọn sọ̀rọ̀; wọn yóò ké 'áì'. Yóò ní kí àwọn tí kò fara mọ́ ọn sọ̀rọ̀; wọn yóò ké 'néè'. Yóò wá fi etí ara rẹ̀ wọn ariwo méjèèjì, yóò sì lu òòlù. Mo ti rí i lórí tẹlifíṣọ̀n tí 'néè' fẹ́rẹ̀ẹ́ wó òrùlé, tí òòlù sì bọ́ sí ọ̀dọ̀ 'áì'. Àwọn tó ké, wọn kò ní orúkọ. Àwọn tó dákẹ́ náà kò ní.

Ìwé tó yẹ kó gbà wá ni Votes and Proceedings, ìwé ìjókòó ojoojúmọ́. Ẹni tó bá ṣí ọ̀kan yóò rí aago tí ilé bẹ̀rẹ̀, pé Abẹnugan ka àdúrà, pé ó ti yẹ ìwé ìjókòó tó kọjá wò ó sì fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ni ìwé ẹ̀bẹ̀ tó wọlé, àbádòfin tí wọ́n ka àkọlé rẹ̀, àti àbá, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó gbé e wá àti agbègbè rẹ̀ nínú àmì akọmọ. Ilé ṣàkíyèsí èyí, ilé mọ̀ pé tọ̀hún, ilé ń dàmú nípa ìyẹn. Ó lè gba ojú ìwé kan gbáko. Nísàlẹ̀ gbogbo rẹ̀ ni ìdájọ́ ilé yóò wá wà, kò ju ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì lọ, pé wọ́n gbà. Ta ló gbà? Ìwé kò sọ. Ó kàn bọ́ sórí àbá tó kàn ni, títí yóò fi dé ẹ̀yìn níbi tí wọ́n ti kọ yàrá àti aago tí ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò péjọ sí.

Nítorí náà, a lè mọ ẹni tó gbé àbá wá. Ìyẹn ló fà á tí ìwé ìpolongo wọn fi máa ń kún fún iye àbádòfin àti iye àbá. Kí aráàlú má ṣe jẹ́ kí iye yẹn fọ́ òun lójú. Kíkà àkọ́kọ́ kò ju kí akọ̀wé ka àkọlé lọ. Àbádòfin tó bá sì wà nílẹ̀ títí sáà fi parí, pẹ̀lú ilé náà ló ń tú ká. Àbá ńkọ́? Ìpinnu ilé lórí àbá kò de ìjọba lọ́wọ́. Ilé lè pàṣẹ lónìí pé kí wọ́n dín ibùdó àyẹ̀wò kù lójú ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀, kí awakọ̀ sì bá okùn tí wọ́n ta sójú ọ̀nà lọ́la bó ṣe wà.

Kò sì jẹ́ pé wọn kò mọ̀ ọ́n kà. Nígbà tó bá kan àga tiwọn, wọ́n ń kà á bí owó. Ní oṣù Kẹfà 2019, nígbà tí wọ́n ń yan Ààrẹ Sẹ́nétì, Lawan ní 79, Ndume ní 28. Nílé kejì, nígbà tí wọ́n ń yan Abẹnugan, Gbàjàbíàmílà ní 281, Bago ní 76. Ní oṣù Kẹfà 2023, Akpabio ní 63, Yari ní 46, Tajudeen Abbas sì kó 353 nílé kejì. Kò sí ẹni tó lu òòlù lé ariwo lórí lọ́jọ́ wọ̀nyẹn. Bó bá wá di owó orí ọjà àti ètò ìṣúná ọdọọdún, wọ́n tún padà sí ẹnu. Bóyá ẹlòmíràn lè ṣàlàyé èyí fún mi kó má dà bí ẹ̀gàn. Èmi kò tíì gbọ́ àlàyé náà.

Ohun kejì tí wọ́n ń kà ni àtúnṣe ìwé òfin, nítorí ìwé òfin fúnra rẹ̀ ló béèrè ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ọmọ ilé: 73 nínú 109 ní Sẹ́nétì, 240 nínú 360 nílé kejì. Ní oṣù Keje 2013, ní ọ̀rọ̀ abala 29 tó kan ọjọ́ orí obìnrin tó ti lọ́kọ, ìbò tó fẹ́ kí wọ́n yọ gbólóhùn náà kò ju 60 lọ nígbà tí wọ́n tún un dì, kò dé 73, gbólóhùn náà sì dúró. Àbájáde rẹ̀ ya gbogbo wa lẹ́nu: àwọn tí kì í ka ọ̀rọ̀ Sẹ́nétì rárá ń pín orúkọ àwọn sẹ́nétọ̀ kiri lórí fóònù. Ní oṣù Kẹta 2022, àbádòfin ìjókòó àkànṣe fún obìnrin ṣubú nílé méjèèjì, obìnrin sì lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé aṣòfin. Kì í ṣe pé ìwà aṣòfin burú ju tàná lọ ló fà á. Iye tó hàn síta ló mú kí aráàlú rí nǹkan fi ìka tọ́ka sí.

Èyí tó ṣọ̀wọ́n jù ni ti ọjọ́ 15, oṣù Keje, ọdún 2021. Àbádòfin ìdìbò ló wà nílẹ̀, ọ̀rọ̀ sì kan fífi ẹ̀rọ gbé èsì ìdìbò ránṣẹ́. Enyinnaya Abaribe, olórí àwọn tí kò pọ̀, dìde, ó ní òun kò fẹ́ ti ariwo, kí wọ́n pe orúkọ. Òfin ilé gbà á láyè bẹ́ẹ̀. Wọ́n pe sẹ́nétọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. 52 ní àfi kí àjọ NCC àti ilé aṣòfin kọ́kọ́ fọwọ́ sí i kí INEC tó lò ó. 28 ní kí INEC lò ó bó ṣe tọ́ lójú rẹ̀. 28 kò sí níbẹ̀. Ìwé ìròyìn tẹ orúkọ gbogbo wọn jáde kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán. Àwọn 28 tí kò sí níbẹ̀ yẹn wù mí ju àwọn tó kù lọ láti ronú lé lórí, torí pé ìbò ariwo ni ilé ìsádi irú wọn. Nígbà tí òfin ìdìbò náà jáde ní 2022, INEC ló kù sí lọ́wọ́ láti pinnu ọ̀nà tí èsì yóò gbà. Ẹni tó ń wo fọ́ọ̀mù EC8A ti Topo lórí fóònù lónìí ń jẹ èso ìjà yẹn.

Ṣùgbọ́n ìwé òfin pàápàá kò ní agbára lórí òòlù nígbà gbogbo. Ní ọjọ́ 18, oṣù Kẹta, ọdún 2025, Ààrẹ kéde pàjáwìrì ní ìpínlẹ̀ Rivers. Abala 305 sọ ọ́ kedere pé ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ọmọ ilé méjèèjì ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ní ọjọ́ 20, ilé méjèèjì fi ariwo ẹnu gbà á. Báwo ni wọ́n ṣe fi etí ka 240? Ìbéèrè yẹn kún inú ìwé ìròyìn fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ní ti ará Àgbádárìgì, ohun kan náà ló túmọ̀ sí: ìbò aṣojú rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ tó tóbi tó yíyọ gómìnà tí aráàlú dìbò yàn kúrò lórí àga fún oṣù mẹ́fà, kò sí nínú ìwé.

Aláùsá kò yàtọ̀. Ní ọjọ́ 13, oṣù Kìíní, ọdún 2025, ilé yọ Mudashiru Ọbasá nípò Abẹnugan, wọ́n fi Mojísọ́lá Meranda síbẹ̀. Ní ọjọ́ 3, oṣù Kẹta, Meranda fipò sílẹ̀, ilé kan náà sì dá Ọbasá padà. Ọ̀sẹ̀ méje géérégé. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìbò wọn mọ èrò ọkàn wọn, ọjọ́ wo ni yóò mú? Èmi ò ní fi ọjọ́ kankan mú wọn, nítorí ó dá mi lójú pé ìpinnu méjèèjì ti parí níbòmíràn kí òòlù tó dún.

Àwa tí wọ́n ń ṣojú ńkọ́? Tí aṣojú bá wálé, kì í ṣe ìbò rẹ̀ ni a ń béèrè. Bọ́ọ̀hù omi ni, iná oní-sólà, ẹ̀rọ ìránṣọ, fọ́ọ̀mù ìdánwò fọ́mọ. Owó iṣẹ́ àkànṣe agbègbè tó wà nínú ètò ìṣúná láti ìgbà Ọbásanjọ́ ti mú kí aṣòfin di kọngílá kékeré lójú aráàlú. Owó náà ti tó 100 bílíọ̀nù náírà lọ́dún fún ìgbà pípẹ́, àjọ ICPC sì ti ń tọpa rẹ̀ láti 2019. N kò bá ẹni tó béèrè omi jà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ojú ọ̀nà wa. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí Èkó ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà onílà mẹ́wàá láti Eric Moore. Títí di 2023, Mile 2 ni ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù dé. Ti Agbára sí Sẹ̀mẹ̀ jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, 2018 ni wọ́n gbé e fún kọngílá. Owó ọ̀nà yẹn, ìlà kan ni nínú àbádòfin ìṣúná tí aṣojú àti sẹ́nétọ̀ ń ké 'áì' sí lọ́dọọdún. Bọ́ọ̀hù mẹ́wàá kò tó ìlà yẹn, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀hù ní pátákó tí orúkọ aṣòfin wà lára rẹ̀, ìlà yẹn kò ní.

A lè ní ti aláwọ̀ funfun ni kíka orúkọ. Ní London lóòótọ́, ẹni tó bá fẹ́ mọ bí Kemi Badenoch, tó jẹ́ ọmọ ilé aṣòfin níbẹ̀, ṣe dìbò láti 2017 tó ti wọlé yóò rí i, ìbò kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá pín ilé sí méjì fún, orúkọ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò yẹ ká rìn jìnnà bẹ́ẹ̀. Àjàṣẹ́ ti Benin wà níbẹ̀ yẹn, èdè Ògù ni wọ́n fi ń ná ọjà níbẹ̀ bíi ti Àgbádárìgì. Ní ọjọ́ 4, oṣù Kẹrin, ọdún 2017, Ààrẹ Talon gbé àtúnṣe ìwé òfin wá síwájú ilé aṣòfin Benin tó wà níbẹ̀. Ilé oní-83 ni nígbà náà. Wọ́n ka ìbò: 60 gbà, 22 kọ̀, ẹnìkan kò sí lápá kankan. 63 ni wọ́n nílò. Ìbò mẹ́ta ló sọ àtúnṣe náà nù. Ká ní ariwo ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, 60 yóò bo 22 mọ́lẹ̀ pátápátá, òòlù yóò sì dún.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà nílẹ̀ fún Àgbádárìgì tí ìbò ẹnu kò ní lè gbé. Ní 2003, ìpínlẹ̀ Èkó dá ìjọba ìdàgbàsókè 37 sílẹ̀ mọ́ 20 tó wà nínú ìwé òfin. Ìwọ̀-Oòrùn Àgbádárìgì àti Ọlọ́rundá wà lára wọn. Ní oṣù Kejìlá 2004, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ sọ pé Èkó ní agbára láti dá wọn sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò tíì pé títí ilé aṣòfin Àbújá yóò fi kọ orúkọ wọn sínú ìwé òfin. Alága àti káńsẹ́lọ̀ ń bẹ ní Kankon àti Ìwòrò-Ajido. Orúkọ ìjọba wọn ni kò sí nínú ìwé. Ẹni tó bá gbé e gba ọ̀nà àtúnṣe ìwé òfin, ìbò tí wọ́n ń ka orí fún ni yóò nílò: 240, 73, kí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 sì tún fọwọ́ sí i lẹ́yìn náà. Aṣojú Àgbádárìgì, sẹ́nétọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Èkó àti àwọn méjì tó wà ní Aláùsá, gbogbo wọn ni yóò ní láti fi ara hàn lọ́jọ́ náà, yálà kí wọ́n gbà, kí wọ́n kọ̀, tàbí kí wọ́n wà lára àwọn tí kò sí níbẹ̀.